Wọ́n pè mí sí pọ́ọ̀bù olóúnjẹ Íńdíà ní London: ṣé owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe ogójì ọdún, àwa mẹ́jọ ló sì pè sí pọ́ọ̀bù (ilé ọtí Gẹ̀ẹ́sì) kan ní Islington, oúnjẹ Íńdíà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo ti wo mẹ́nù wọn lórí fóònù. Abọ́ kéékèèké, owó ńláńlá, wọ́n á tún fi owó sáfíìsì, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé e lórí. Ilé oúnjẹ Íńdíà kan wà ládùúgbò mi ní Plumstead, owó tí mo fi ń jẹ àjẹyó níbẹ̀ kò tó ìdajì èyí. Èmi kì í mutí, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta wà nínú wa tí wọ́n máa ń mu ún dáadáa, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní ká pín owó náà dọ́gbadọ́gba. Ṣé oúnjẹ yẹn yàtọ̀ lóòótọ́, àbí oge lásán ni? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń jẹun níbẹ̀?

* * *

Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yanjú ọ̀rọ̀ bíìlì kí ọjọ́ náà tó pé. Màá padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ, torí òun gan-an lọ̀pọ̀ wa ń fojú kéré.

Ilé oúnjẹ ti Plumstead tí ẹ ń sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ Bangladesh ló ni ín, láti agbègbè Sylhet. Àwọn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, èmi náà ṣì ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé ìkòkò ńlá ọbẹ̀ alálùbọ́sà kan kaná kí àwọn oníbàárà tó dé, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Tó bá di alẹ́ tí ẹ ní korma lẹ fẹ́, inú ìkòkò yẹn ni wọ́n á ti bù ú, wọ́n á fi krímù àti àgbọn sí i. Tí ẹnìkejì yín bá ní madras, ìkòkò kan náà ni, ata tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ohun tó jẹ́ kí oúnjẹ wọn tètè máa dé nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ní àwọn pọ́ọ̀bù tuntun yìí, ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá sè látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo The Tamil Prince ní Barnsbury, tó ṣí ní 2022. Pọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì ni ilé náà tẹ́lẹ̀, Cuckoo ni wọ́n ń pè é. Ilé oúnjẹ Roti King ni Prince Durairaj ti ṣe alásè rí, kí òun àti Glen Leeson tó dá ibí sílẹ̀, wọ́n sì tún ṣí The Tamil Crown ní Angel ní 2023. Oúnjẹ gúúsù Íńdíà ni wọ́n ń sè, pàápàá ti ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Tí ẹ bá rí Chettinad, ìyẹn ọbẹ̀ agbègbè kan ní Tamil Nadu, lórí mẹ́nù irú ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti dúró ti páànù gbígbẹ, tí kò fi òróró kankan sí i, tó ń yan ata dúdú oníhóró, star anise àti àwọn èlò mìíràn títí òórùn wọn fi jáde, kó tó lọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ yẹn ò ṣeé fi ìkòkò kan ṣe fún gbogbo mẹ́nù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń ra ata lílọ̀ àti ẹni tó ń lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ kì í ná iye àkókò kan náà.

Nítorí náà, ó yàtọ̀. Kì í ṣe oge.

* * *

Àwọn òǹkàwé ti fèsì sí ìbéèrè yìí. Ẹnìkan kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Oúnjẹ Íńdíà ò lè ju £10 lọ láéláé. Ẹni tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.” Àwọn tó fara mọ́ ọn pọ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ta ló ń bi alásè Faransé pé kí ló dé tí ẹran rẹ̀ fi wọ́n? Ilé tí ẹni yẹn yá ní Islington àti ilé tí ará Íńdíà yá, owó kan náà ni wọ́n ń gbà. Gáàsì kan náà ni wọ́n ń jó. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí VAT lórí oúnjẹ tí ẹ bá jókòó jẹ, èyí ni pé tí ẹ bá san £12 fún abọ́ kan, £2 nínú rẹ̀ ti di ti ìjọba. Ẹ wá yọ ẹran àgùntàn, ẹ yọ owó oṣù ẹni tó sè é, ti ẹni tó gbé e wá àti ti ẹni tó fọ abọ́.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọ́n ti kọ́ wa láti máa rò pé oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú abọ́ kó sì pọ̀ọ́kú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ sí tiwa. Nígbà tí ilé oúnjẹ Ikoyi ní London gba ìràwọ̀ Michelin kejì, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn ilé oúnjẹ, ní 2022, ẹ rántí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń bínú pé ta ni yóò san iye yẹn lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ní 2024, Adejoke Bakare gba ìràwọ̀ tirẹ̀ ní ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé oúnjẹ Akoko náà sì gba tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Tí inú wa bá dùn sí ìyẹn, a ò lè máa pe ọmọ Tamil tó ń tiraka bákan náà ní olè.

Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́ lè sọ pé òun ò ní in. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n “mi ò ní in” yàtọ̀ sí “kò tó bẹ́ẹ̀”.

* * *

“Oúnjẹ wọn ò lata.” Ọkùnrin kan ló sọ èyí, ó ní ata rodo lòun máa ń kó sínú báàgì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Oríṣi ata púpọ̀ ló wà. Ata Kashmir tó ń pọ́n ọbẹ̀ wọn, nítorí àwọ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó, kì í ta púpọ̀. Nínú ọbẹ̀ Chettinad, ata dúdú oníhóró ló ń ta, kì í sì í ta ẹnu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ń lọ. Ìbátan ìyèré wa ni ata dúdú yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún 15, àwọn Potogí ń ra ìyèré ní ìlú Benin, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Vasco da Gama dé Íńdíà ní 1498, ọba wọn kò fẹ́ kí ìyèré bá ata Íńdíà du ọjà mọ́. Ata pupa ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ọkọ̀ òkun àwọn Potogí kan náà wà lára ohun tó gbé e dé Goa ní Íńdíà àti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ó tó dé, ìyèré àti ata dúdú ni àwa àti wọn fi ń jẹun.

Tí ẹ bá fẹ́ kó ta sí i, ẹ sọ fún agbáwo nígbà tí ẹ bá ń paṣẹ oúnjẹ, kó tó dé ilé ìdáná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e dé, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n fún yín ní ata lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tó fara pẹ́ ẹ: kọ́rì inú agolo tí a ń bù sí ọbẹ̀ nílé, ọjà àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ má fi wá a nínú oúnjẹ àwọn Tamil, kí ẹ má baà sọ pé wọn ò mọ ọbẹ̀ sè.

* * *

Ìyá kan bi mí pé kí ló pa Íńdíà àti pọ́ọ̀bù pọ̀, pé ọtí àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lọ sí pọ́ọ̀bù fún.

Mà, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, ẹ ṣé tí ẹ béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló pàdé. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ní 1991, Mike Belben àti David Eyre gba The Eagle ní Farringdon, wọ́n gbé ilé ìdáná sí ẹ̀yìn káńtà, wọ́n ń se oúnjẹ gidi, àga pọ́ọ̀bù àtijọ́ sì wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí pé irú pọ́ọ̀bù báyìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ti pẹ́ jù ú lọ, ìtàn rẹ̀ sì korò. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn ọkùnrin láti Punjab ní Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Smethwick àti West Bromwich, lẹ́bàá Birmingham, kò lè wọ gbogbo pọ́ọ̀bù tó bá wù wọ́n. Àwọn kan ò tà fún wọn rárá, àwọn kan ní yàrá kan tí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó ò gbọdọ̀ wọ̀. Àwọn bàbá wa tó wá kàwé ní London nígbà yẹn mọ irú rẹ̀ dáadáa, nínú ọ̀rọ̀ ilé yíyá àti ní ilé ọtí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 1965, Ẹgbẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Íńdíà pe Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wá sí Smethwick. Ó rìn ní Marshall Street, ó dé pọ́ọ̀bù Blue Gates tí wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á ní New York. Ọdún yẹn náà ni òfin Race Relations jáde, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé ènìyàn kúrò ní irú ibẹ̀ nítorí àwọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará Punjab bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn pọ́ọ̀bù náà fúnra wọn. Wọ́n gbé ààrò ẹran yíyan sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá, òyìnbó tàbí dúdú, wọ́n ń ta ọtí fún un, wọ́n ń fún un ní ẹran. Desi pub ni wọ́n ń pè é, ó ṣì pọ̀ ní West Bromwich títí dòní. Ní London, Glassy Junction wà ní Southall fún ọ̀pọ̀ ọdún, rupee, owó Íńdíà gan-an, lẹ lè fi ra ọtí níbẹ̀ nígbà náà.

Torí náà, tí mo bá jókòó sí pọ́ọ̀bù tuntun ní Islington, tí mo sì rí i pé ọmọ Tamil ló ni káńtà, inú mi máa ń dùn dé ìdí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ìtàn yìí.

* * *

“Ẹ ṣé fún ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ti bíìlì.” Ẹni tó kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ ló sọ èyí.

Òótọ́ ni, mà. Ìhà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì ti ń bá ara wọn jà nínú èsì àwọn òǹkàwé.

Àwọn kan ní ẹni tó bá pe ni ló ń san, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé. Àwọn kejì ní London la wà, kí kálukú gbé ẹrù rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì san ti ọlọ́jọ́ ìbí. Èmi ò fara mọ́ àwọn àkọ́kọ́ tán, nítorí pé nílé pàápàá, àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. A ń ra aṣọ ẹbí, a ń náwó fún olóde lójú agbo. Owó ń jáde lápò wa, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló yàtọ̀. Àwọn kejì ni mi ò gbà fún rárá, tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí bíìlì fi dé orí tábìlì. Ẹni tó yan ibi tó wọ́n tí kò sì fẹ́ san án gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìpè: “Màá ra kéèkì, kálukú yóò san oúnjẹ rẹ̀, ó lè tó £40.” Gbólóhùn kan ni. Ẹni tí kò bá lè wá á ti mọ̀ kó tó ra ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin ẹ pe ọ̀rẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ bi í ní ìdákọ́ńkọ́.

Ní ti ọtí àwọn mẹ́ta yẹn, ire kan wà nínú pé pọ́ọ̀bù ni: káńtà wà. Ẹni tó bá fẹ́ mu bíà lè lọ rà á ní káńtà, kó san án lójú ẹsẹ̀, kò ní wọ bíìlì tábìlì. Ẹ dá a lábàá kí ẹ tó jókòó. Àwọn ibòmíràn máa ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí tábìlì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya bíìlì ọtí sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dúró di ìparí, agbáwo ò ní rántí ẹni tó mu kí ni. Ẹ má sì wọ inú ráúndì, ìyẹn àṣà wọn pé kí kálukú ra ọtí kárí gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ń mu ọsàn máa san ti bíà márùn-ún níbẹ̀.

Ẹ pín owó oúnjẹ dọ́gba ní tirẹ̀. Oúnjẹ tí gbogbo ọwọ́ wọ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ka iye òkèlè.

* * *

Owó sáfíìsì. Tí oúnjẹ ẹni mẹ́jọ bá jẹ́ £320, ìdá 12.5 rẹ̀ jẹ́ £40, èyí tó kan kálukú £5. Kì í ṣe dandan lábẹ́ òfin tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ó wà lọ́wọ́ yín, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń kọ ọ́; ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo ti ṣe é rí ní ibì kan tí wọ́n ti gbé oúnjẹ wa kalẹ̀ ní tútù, tí wọ́n sì ń lé wa dìde kí àkókò wa tó pé. Mo sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yọ ọ́ láìjà.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ká máa yọ ọ́ nígbà gbogbo pé ọ̀gá ló ń kó o jẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England, Wales àti Scotland pé gbogbo owó yẹn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ta sì ni àwọn òṣìṣẹ́ náà? Ọmọ Ìbàdàn tó wá ṣe másítà ló ń gbáwo lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Tó bá tọ́jú yín, ẹ jẹ́ kó gba £5 rẹ̀.

* * *

Jíjẹ rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má ṣe bí àwọn tó ń paṣẹ abọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fọwọ́ yí i ká. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ò yó, bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́ nìyẹn. Àjẹpọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnìkan sọ pé òun ò lè fi ṣíbí òun bá ènìyàn wọ abọ́ kan. Kò kúkú sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣíbí ìbupín máa ń wà, tí kò bá sí, ẹ béèrè.

Ilá díndín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Wọ́n á gé e tín-ín-rín gígùn, wọ́n á fi ìyẹ̀fun rẹ́ ẹ, á gbẹ kankan, kò ní yọ̀ rárá. Mo ti rí àwọn ará wa tí wọ́n kọ̀ ọ́ torí wọ́n rò pé ilá ọbẹ̀ ni, tí wọ́n sì wá jẹ ẹ́ tán. Abọ́ méjì rẹ̀ tó fún ẹ̀yin mẹ́jọ láti fi panu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba channa bhatura: channa ni ẹ̀wà chickpea nínú ọbẹ̀ tó ki, bhatura sì ni ìyẹ̀fun tí wọ́n dín títí ó fi wú bíi bọ́ọ̀lù, adùn rẹ̀ fara jọ pọfupọ́ọ̀fù tí kò ní ṣúgà. Ó ń yóni ju bí owó rẹ̀ ṣe mọ lọ. Ẹ gba ọbẹ̀ ẹran àgùntàn kan tàbí méjì, ti adìẹ kan, ti ẹ̀wà dal kan. Roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ni kí ẹ gbà púpọ̀. Ìrẹsì abọ́ méjì tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ra ẹran lásán láìra ohun tí wọ́n á fi jẹ ẹ́, owó á sì gorí owó.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ roti. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Tamil náà ń ṣe nílé wọn, orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń jẹun nígbà àríyá. Ẹni tó bá wò yín lórí tábìlì kejì, ẹ jẹ́ kó wò.

* * *

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ti ohun mímu, torí ẹnìkan ní omi nìkan ló bá ata mu. Omi kì í pa ata. Wàrà ló ń pa á, nítorí náà lassi, tí wọ́n fi yógọ́ọ̀tì po, ló dára fún ẹni tí kì í mutí. Bíà tí gáàsì rẹ̀ pọ̀ máa ń mú ata le sí i lẹ́nu, ó sì ń kún inú. Ìdí tí Karan Bilimoria fi dá bíà Cobra sílẹ̀ nìyẹn ní 1989, kí gáàsì rẹ̀ dín kù, kó lè bá oúnjẹ Íńdíà lọ.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn tó wọlé: èèwọ̀ ara, hàlálì, àti ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ mú dání.

Tí ẹ̀pà tàbí kasú bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín ní jàǹbá, ẹ má fi ṣeré. Kasú lílọ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn ki, ẹ ò ní fojú rí i. Ní 2016, wọ́n sọ ẹni tó ni ilé oúnjẹ Íńdíà kan ní àríwá Yorkshire sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà, torí pé ó ń lo ìyẹ̀fun ẹ̀pà dípò ti álímọ́ńdì, oníbàárà kan tó ti sọ fún wọn pé òun kì í jẹ ẹ̀pà sì kú. Òfin ní kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá ọ̀kan nínú àwọn nǹkan 14 tó ń fa èèwọ̀ ara wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń gba tábìlì, ẹ tún un sọ fún agbáwo.

Hàlálì kò dájú ní pọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè ti ẹran kọ̀ọ̀kan, torí ti adìẹ lè jẹ́ hàlálì kí ti àgùntàn má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ aláìlẹ́ran wọn pọ̀ tó láti fi yó.

Ní ti ọmọ, ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù ló ní aago tí ọmọdé gbọ́dọ̀ ti kúrò, ti kálukú sì yàtọ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Tí tábìlì yín bá jẹ́ aago méje ààbọ̀ tí wọ́n sì ní aago mẹ́jọ ni ọmọdé ń jáde, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín yí i sí aago márùn-ún nísinsìnyí tí àyè ṣì wà.